Ohun Tó Wà Nínú Dúdú: Àríwísí Lórí Àwọn Àwòrán Àtijọ́ Tí Ẹ̀rọ Ń Tún Gbé Jáde

Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn àwòrán àtijọ́ ti ń padà wọ ìgboro. A ń rí wọn lórí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, lórí ìwé ìkésíni sí ìsìnkú àgbà, lójú fóònù àwọn ọmọ tí kò mọ ẹni tó wà nínú wọn. A sì ń rí wọn nínú ìwé olówó ńlá tí wọ́n tẹ̀ ní Paris àti ní New York. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo púpọ̀ nínú wọn, ohun kan náà ni a ń bá pàdé: agbádá funfun hàn kedere, àga hàn, òdòdó orí tábìlì hàn, ojú ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ya àwòrán náà ni kò hàn. Ó ti di àbàwọ́n dúdú kan ṣoṣo, bí ìgbà tí yíǹkì bá dà sí i. A kò mọ ibi tí ìpéǹpéjú parí sí mọ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilà tí wọ́n kọ sí bàbá lójú ti lọ. Aṣọ etù tó wọ̀, tí a fi tínrín-tínrín ìlà inú rẹ̀ mọ̀ pé etù ni, ti di aṣọ dúdú lásán.

Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ni àwọn àgbà wí. Nígbà tí a bá sì béèrè ìdí tí ojú fi ṣú bẹ́ẹ̀, èsì méjì ni wọ́n máa ń fún wa. Àwọn kan á ní fíìmù ayé àtijọ́ kò dára. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti kàwé díẹ̀ sí i, á ní àwọn òyìnbó tó ṣe fíìmù kò ro ti awọ ara ènìyàn dúdú mọ́ ọn. Òtítọ́ wà nínú èsì kejì yìí, pàápàá ní ti fíìmù aláwọ̀ mèremère: fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù kí wọ́n lè fi díwọ̀n àwọ̀ tó tọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́wọ́ gba èsì méjèèjì láìwádìí, a ó máa di ẹ̀bi ru òkú nígbà tó jẹ́ pé alààyè ni ó jẹ̀bi. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú náà ń bẹ nínú fíìmù. Ẹni tó gbé àwòrán jáde láti inú fíìmù ni kò mú un dání bọ̀. Ohun tí a fẹ́ jiyàn lé lórí nìyẹn, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán tí ayé mọ̀ ni a ó sì fi ṣe ẹ̀rí.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí a wo fíìmù fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Fíìmù dúdú-òun-funfun, òdì ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á púpọ̀ ni fàdákà inú rẹ̀ ń ṣù jọ sí, tí ó sì ń dúdú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ dé ni ó ń mọ́ gaara. Nítorí náà, léèsì funfun ni ó nípọn jù lọ lórí fíìmù. Irun orí, awọ ara dúdú àti aṣọ aró ni ó fẹ́lẹ́ jù. Ẹni tó bá gbé fíìmù sókè sí ojú fèrèsé lè rò pé kò sí nǹkankan níbi tó mọ́ gaara yẹn. Ó wà. Fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ kò fọwọ́ kàn rí pàápàá ní ìwọ̀nba ìbòjú tirẹ̀, bí gíláàsì tí èémí bà. Ohunkóhun tó bá fi díẹ̀ nípọn ju ìbòjú yẹn lọ, ohun tí kámẹ́rà rí ni. Nínú ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni igun ètè wà, àti ìlà etù, àti ìdì irun.

Ẹ wá wo ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Nítorí pé ibi òkùnkùn àwòrán fẹ́lẹ́ lórí fíìmù, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ skánà ń gba ibẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Kò sí ibi tó rọrùn fún ẹ̀rọ láti kà ju ibẹ̀ lọ. Léèsì funfun tó nípọn gan-an ni ẹ̀rọ ń bá jìjàkadì. Kí ló wá dé tí ojú fi ń sọnù? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà ti pinnu kí a tó dé ibẹ̀ pé àwòrán tó dára gbọ́dọ̀ ní dúdú tó dúdú pátápátá. Á wá ibi tó fẹ́lẹ́ jù lórí fíìmù, á pè é ní dúdú, á sì gé díẹ̀ mọ́ ọn kí àwòrán lè dán lójú. Nínú àwòrán tí òyìnbó wà, ibi tí wọ́n gé yẹn lè jẹ́ abẹ́ àga tàbí inú bàtà. Nínú àwòrán tiwa, orí ènìyàn ni.

Ìdí kejì kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ya fíìmù lórí pátákó oníná dípò skánà. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, ibi tó mọ́ gaara lórí fíìmù á kún àkúnwọ́sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ á di funfun kan náà. Nígbà tí wọ́n bá sì yí òdì padà sí òótọ́, funfun kan náà yẹn ni yóò di dúdú kan náà. Wọ́n rò pé àwọn ń fi ìmọ́lẹ̀ ran òkùnkùn lọ́wọ́, wọ́n sì ń pa á. Ohun tó tọ́ ni kí a wo etí fíìmù tí a kò yà nǹkan sí, kí a díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ débi tí etí yẹn yóò mọ́lẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò ní kún.

Ìkẹta ni bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán pamọ́. Fáìlì kékeré tí wọ́n máa ń kó lé wa lọ́wọ́ ní ìpele 256 péré láti dúdú dé funfun fún ojú àmì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe bí a bá sọ fún un ní ìpele 65 536. Bí ìpele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré bá bọ́ sí orí ojú bàbá nínú àwọn 256 yẹn, kí ni a fẹ́ fà yọ níbẹ̀ lẹ́yìn náà? Bí a bá gbìyànjú láti tan ìmọ́lẹ̀ sí i, á pín sí abala-abala bí ilẹ̀ tó sán.

(Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe àjèjì sí irú èyí. Ẹ fi ojú ìwé ìtàn tó ní àwòrán ọba sínú ẹ̀rọ fọ́tókópì, kí ẹ tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣe ẹ̀dà mìíràn. Adé nìkan ni àwọn ọmọ yóò rí.)

Ó yẹ kí a sọ ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ. Bí ayàwòrán kò bá fún fíìmù ní ìmọ́lẹ̀ tó nígbà tó ń ya àwòrán, ibi òkùnkùn kò kọ nǹkankan sílẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè gbé ohun tí kò wọlé jáde. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fún ibi tó ṣókùnkùn, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ fíìmù. Fíìmù aláwọ̀ tí a ń fi iná tàn sára ògiri tún yàtọ̀: kì í ṣe òdì ní tirẹ̀, ibi òkùnkùn rẹ̀ ni ó nípọn, débi pé ìdá kan nínú 1 000 ìmọ́lẹ̀ tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọjá. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti ń kùnà ní tòótọ́. Ariwo á bo gbogbo rẹ̀, bí iyanrìn tí wọ́n wọ́n sójú àwòrán. Ka fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ̀rọ dá ìṣirò wọn pọ̀, ariwo á dín kù sí ìdajì. Àwọn ayàwòrán ìgboro tiwa kò lò ó púpọ̀, a ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Seydou Keïta ti ìlú Bamako. Ní ọdún 1948 ni ó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní àdúgbò Bamako-Coura, ó sì ṣiṣẹ́ fún àwọn ará ìlú títí di ọdún 1962 tí ó di ayàwòrán ìjọba Mali. Fíìmù tí ó ń lò fẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Á gbé fíìmù lé orí pépà, á tan iná sí i, àwòrán á jáde ní ìwọ̀n kan náà. Pépà kékeré yẹn ni oníbàárà ń mú lọ sílé, tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí tàbí sí àfẹ́sọ́nà. Ní ọdún 1991, díẹ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀ dé New York nínú ìpàtẹ kan láìsí orúkọ rẹ̀ lára wọn. Lẹ́yìn náà ni André Magnin wá a kàn ní Bamako, Fondation Cartier sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 1994. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹ àwọn fíìmù yẹn ní ńlá ńlá, àwọn mìíràn ju mítà kan lọ, fún ilé àwọn olówó àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní ọdún 2016, Grand Palais ní Paris kó àwọn pépà kékeré àtijọ́ àti àwọn ńlá tuntun jọ sínú ìpàtẹ kan. Ẹni tó bá fi wọ́n wé ara wọn yóò rò pé ọwọ́ ayàwòrán méjì ni. Nínú àwọn ńlá, dúdú dúdú kanlẹ̀, funfun sì funfun bí òwú. Wọ́n ń gba ojú ènìyàn láti òpin yàrá. A kò ní purọ́ pé wọn kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kékeré, láàrin dúdú àti funfun ni gbogbo ìtàn wà. Awọ ara ní omi. Apá obìnrin tó gbé ọwọ́ lé ìgbátí kò rí bákan náà pẹ̀lú ọrùn rẹ̀. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí oòrùn àgbàlá ti bà á títí dé ibi tí òjìji gèlè ti bò ó. Nínú àwọn ńlá, aṣọ ni ó borí: igun mẹ́rin-mẹ́rin ara aṣọ, òdòdó ara aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ń pariwo. Nínú àwọn kékeré, ẹni tó wọ aṣọ ni a kọ́kọ́ rí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe skánà ni ó dá èyí sílẹ̀. Inú yàrá òkùnkùn, lórí pépà fàdákà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ àwọn ńlá yẹn. Pépà líle wà tí ń gé ìpele àárín dànù gẹ́gẹ́ bí ètò kọ̀ǹpútà ti ń ṣe. Ìpinnu ènìyàn ni. Keïta ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2001 ni ó kú. Nítorí náà a kò lè pe àwọn ńlá ní ayédèrú. Ohun tí a ń sọ ni pé àwòrán tí àwọn ará Bamako sanwó fún, tí wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ kọ́ sára ògiri, kọ́ ni èyí tí ayé mọ̀ sí iṣẹ́ Keïta lónìí. Ọjà ni ó yan dúdú kanlẹ̀. Ọjà ń fẹ́ Áfíríkà tó le, tó dán, tí ojú lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó sì burú ni pé àwọn ọmọ wa tó ń lo skánà ní Porto-Novo àti ní Kétu ń fi àwọn ńlá yẹn ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n rò pé bí àwòrán àtijọ́ ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni à ń sọ di ńlá, kí ó lọ wo àwọn irun J. D. ’Okhai Ojeikere. Ọmọ Nàìjíríà ni (1930–2014). Ní ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, ó sì yà á títí ó fi kún inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù. Láti ẹ̀yìn ni ó ti ya púpọ̀ nínú wọn: ìpàkọ́, ọrùn, èjìká díẹ̀, ìtàn parí. Kò sí ojú, kò sí ẹ̀rín, kò sí ọ̀ṣọ́ ilé. Irun dúdú lórí awọ dúdú ni gbogbo iṣẹ́ náà. Onílé-gògòrò wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òwú dúdú kó tí ó sì dúró ṣánṣán bí ilé alájà. Ṣùkú wà níbẹ̀ tí gbogbo ìlà rẹ̀ ń sáré lọ pàdé ní àtàrí.

Nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, ojú wa á máa tọ ọ̀nà tí òwú gbà yí irun po, á rí ibi tí onídìrí ti fà á le àti ibi tí ó ti dẹ̀ ẹ́, á rí awọ orí tó ń tàn wẹ́wẹ́ láàrin ìlà méjì. Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí àti iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán wà níbẹ̀ papọ̀. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n gé dúdú rẹ̀, kí ni ó kù? Àwọ̀n lásán, bí ohun tí a fi abẹ gé lára pépà. A lè mọ̀ pé onílé-gògòrò ni nítorí pé ó ga. A kò lè mọ̀ bí wọ́n ṣe kó o. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ irun dì yóò wo irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì béèrè pé: “Ta ni ó fi aṣọ bo ọmọ yìí lórí?” Ìbéèrè wọn tọ́. Ayàwòrán tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé sílẹ̀ nípa ìdì irun kò yẹ ní ẹni tí a ń fi àwọ̀n rántí.

Aṣọ aró náà bẹ́ẹ̀ ni. Aláró mọ̀ pé aró kì í ṣe àwọ̀ kan. Láti ayinrin títí dé èyí tó dúdú bí òru, iye ìgbà tí aṣọ wọ inú ìkòkò ni ó pín wọn níyà, orúkọ sì wà fún wọn. Lójú ètò skánà, láti àárín lọ sísàlẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe mìíràn wà ní òdìkejì, ó sì ń tàn kálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ nísinsìnyí. Àwọn kan ti gbọ́ pé ojú ń ṣú, wọ́n wá di ọ̀tá òkùnkùn. Wọ́n á gbé ìpele ìsàlẹ̀ sókè títí gbogbo àwòrán á fi di eérú. Dúdú kankan kò sí mọ́. Irun dà bí eruku, awọ ara dà bí ti ẹni tí ọyẹ́ gbá tí kò rí òróró para. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí èdè Faransé kò ní: adúmáadán. Ẹni tó dúdú tó sì ń dán ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ní kí dúdú rẹ̀ dín kù kí ó tó lẹ́wà. Dúdú rẹ̀ dúró, dídán gun orí rẹ̀. Ìwọ̀n tí a fẹ́ nìyẹn nínú àwòrán: kí ibi tó dúdú jù dúdú ní tòótọ́, kí àwọn ìpele tó tẹ̀ lé e sì ní ààyè láti yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó gba gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù láìgé nǹkankan, kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pinnu ibi tí dúdú yóò dúró, ní wíwo ojú ẹni náà, kì í ṣe ní wíwo àtẹ ìṣirò.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tuntun tó ń “tún ojú ṣe” burú jù ìyẹn lọ. Wọn kì í wá nǹkankan nínú òkùnkùn. Wọ́n ń hùmọ̀ rẹ̀. Níbi tí fíìmù kò ti rí nǹkan, wọ́n á fi ojú tí wọ́n ti rí lára ẹgbàágbèje ènìyàn mìíràn dí àlàfo. Ìpéǹpéjú á jáde, eyín á jáde, gbogbo rẹ̀ á mọ́ kedere. Ojú ta ni? Kì í ṣe ti bàbá yín. Bí ilà ojú bá wà nínú àwòrán náà, ó lè pa á rẹ́, nítorí lójú rẹ̀ àbùkù ara fíìmù ni. A ti rí ìdílé tó gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ sí pálọ̀, tí inú wọn sì dùn. A kò bá wọn jà nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìròyìn tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn, irọ́ ni wọ́n pa.

Ó kù ohun kan tí ó ṣòro fún wa láti sọ, nítorí ó dà bí ẹni pé ó tako ohun tí a ti ń wí bọ̀. Òkùnkùn mìíràn wà tí kò yẹ kí a ṣí. Ẹ wo iṣẹ́ Leonce Raphael Agbodjelou, ọmọ Porto-Novo tí wọ́n bí ní 1965, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Joseph Moïse Agbodjelou, ayàwòrán ńlá tí wọ́n bí ní 1912. Fíìmù ni ọmọ náà fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Nínú Demoiselles de Porto-Novo tí ó ṣe ní 2012, àwọn obìnrin wà nínú ilé Àgùdà àtijọ́ tí í ṣe ti ìdílé rẹ̀; ara wọn ṣí sílẹ̀, ìbòjú bo ojú wọn. Orúkọ iṣẹ́ náà ń dáhùn sí Picasso, gbogbo ènìyàn sì ti sọ ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni pé inú òkùnkùn ihò ojú ìbòjú ni agbára àwòrán náà wà. A ń wò wọ́n, a kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wò wá. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ tan ìmọ́lẹ̀ sínú ihò yẹn kí a lè rí ẹyinjú ti fọ́ iṣẹ́ náà túútúú.

Ó tún ya Egúngún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹwà. Ojú àwọ̀n tí ará ọ̀run fi ń ríran, aṣọ ni a fi bò ó, a sì mọ ìdí. Ṣùgbọ́n fíìmù tí wọ́n fún ní ìmọ́lẹ̀ tó, tí ẹ̀rọ tó lágbára kà ní ìpele 65 536, lè ní ohun tí kò yẹ kí ó ní lẹ́yìn àwọ̀n yẹn. Nígbà tí ayàwòrán ń tẹ àwòrán ní yàrá òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ ibi tó yẹ kó jẹ́ kí ó ṣú. Ọmọ ilẹ̀ ni, ó mọ èèwọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní ìlú òkèèrè kò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, a kò gbà pé kí wọ́n kó àwọn fíìmù Egúngún, ti Orò, tàbí ti ìgbàlẹ̀ èyíkéyìí fún ẹni tí yóò ṣí gbogbo òkùnkùn wọn ní ṣíṣẹ̀ntẹ̀lé, láìjẹ́ pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ jókòó ti iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ kan náà tí ó ń fi ilà ojú bàbá wa hàn ni yóò lo níbí láti mọ ohun tí kò ní fi hàn.

Ní Mali, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú wa. Ní Bamako, pẹ̀lú Michigan State University àti ìrànlọ́wọ́ British Library, wọ́n ti fọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù àwọn ayàwòrán mọ́, wọ́n kà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tò wọ́n jọ. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀: El Hadj Tijani Sitou, tí ó tẹ̀dó sí Mopti, tí ó ń ya àwòrán níbẹ̀, tí ó sì kú ní 1999. Ó tọ́ kí a yọ̀ fún un. Ó tún tọ́ kí a bi ara wa pé fíìmù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Sakété, níbo ni wọ́n wà? Púpọ̀ wà nínú páálí bàtà lábẹ́ ibùsùn opó ayàwòrán. Púpọ̀ ti bá ìdọ̀tí lọ, nítorí pé ẹnì kan ti kà wọ́n sínú fáìlì kékeré tó ní ìpele 256, ó sì sọ fún ìdílé pé wọn kò wúlò mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbé fíìmù ìdílé yín fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ sọ fún un kí ó pa gbogbo àtúnṣe aládàáṣe, kí ó sì kà á ní ìpele tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe, bí fáìlì rẹ̀ tilẹ̀ wúwo, kí etí fíìmù hàn nínú ohun tí ó kà. Kí ó pa ètò tó fi ìmọ́lẹ̀ àìrí ń nu eruku pẹ̀lú. Fàdákà ń dínà ìmọ́lẹ̀ yẹn, ètò náà á rò pé eruku ni ojú ènìyàn. Bí àwòrán àkọ́kọ́ bá rí ràkọ̀ràkọ̀ tí kò dán, ẹ má bínú sí i. Ìyẹn ni ó ní gbogbo nǹkan nínú, ẹ̀dà tí ẹ ó kọ́ sára ògiri á tinú rẹ̀ wá. Kí ẹ sì gba fíìmù yín padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi sínú àpò pépà, kì í ṣe ọ̀rá, níbi tí ooru kò ti pọ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sára àpò náà nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà. Bí ẹ bá ṣí páálí tí ó sì ń ta òórùn kíkan bíi fínígà sí yín nímú, fíìmù ti ń jẹra nìyẹn; ẹ yọ àwọn yẹn kúrò láàrin àwọn yòókù, kí ẹ sì fi wọ́n ṣíwájú nínú iṣẹ́ náà.